Ẹ má tíì ra ọ̀dà: ọ̀rọ̀ lórí àwòrán àjọyà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, a sì kí àwọn òǹkàwé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Lọ́dọọdún, bí Ìléyá bá ti sún mọ́ etílé, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ a máa dáwó jọ láti ṣe nǹkan fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wọn. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn báyìí ni pé kí ọmọdé àti àgbà jọ ya àwòrán sára ògiri. Ohun tó dára ni. Àmọ́ bí ẹ bá rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà lẹ́yìn òjò ọdún kejì, ẹ má wulẹ̀ bá ọ̀dà wí. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n kùn ún.

Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni Ìléyá bọ́ sí, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ọjọ́ 8. Àárín gbùngbùn òjò nìyẹn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Owó ti pé, àwọn ará Èkó àti àwọn tó ti òkè òkun dé wà nílé, olúkúlùkù sì fẹ́ ya fọ́tò níwájú iṣẹ́ náà kó tó padà. Ògiri tó ti mumi yó ni wọ́n á wá kùn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò jù báyìí lọ: ẹ gba owó ní Ìléyá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà kan ògiri títí di ìparí oṣù kọkànlá. Àwọn oṣù tó wà láàárín yẹn kò pọ̀ jù. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ ọ̀dà lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta lomi ń gbà wọ ògiri: láti òkè, láti ìsàlẹ̀, àti láti iwájú. Ti òkè ni páànù tó jò, tàbí ògiri ọgbà tí wọ́n fi orí rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Àwọn tó dáwó fẹ́ràn ògiri ọgbà torí pé ará ojú títì á rí i, bẹ́ẹ̀ ògiri tó burú jù fún àwòrán nìyẹn: òjò ń nà án níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń wọ inú rẹ̀ láti orí. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì bo orí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìbòrí náà sì yọ jáde níwájú ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí omi lè máa kán sílẹ̀ dípò kó máa ṣàn wálẹ̀ lójú àwòrán. Tiwa ni pé kí ẹ mú ògiri tó wà lábẹ́ fàráńdà. Ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá lọ kò ní rí i lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó ni ín á rí i lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ti òrùlé, ẹ kan ògiri náà gbọ́. Ẹ fi eegun ìka kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn. Ibi tó bá dún kó! kó! le. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti yà kúrò lára ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára nígbẹ̀yìn. Amọ̀ máa ń wú bó bá mumi, ó máa ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kò mọ ìyẹn, ojú kan ló dúró sí. Bó pẹ́ bó yá, àárín àwọn méjèèjì á dàrú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó ń dún bí igbá ká, kí bíríkìlà sì gé e kúrò títí tó fi máa dé ibi tó le. Bó bá ń tún un rẹ́, kó da ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan pọ̀ mọ́ iyanrìn mẹ́fà. Àwọn kan gbà pé bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. Lórí amọ̀, irọ́ gbáà ni: èyí tó bá le jù ló kọ́kọ́ ń yà. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ tí àwọn ọmọ sì wà ní ọlidé, ló yẹ kí bíríkìlà ṣe èyí.

Ẹ wá fi ibi tí wọ́n rẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, ó kéré tán. Ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú mọ ìdí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ péńtà lọ. Bí omi eérú bá pàdé àdín, ọṣẹ ló ń dà. Sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbó lágbára bíi ti omi eérú yẹn; bí ẹ bá kun ọ̀dà olóròóró lé e, òróró inú ọ̀dà á di ọṣẹ lára ògiri. Á máa lẹ̀ mọ́ ìka, á máa yọ̀, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀dà olómi gbà á mọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà á máa yọ àmì funfun bí àwọ̀ ara tó hu làpálàpá.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ìdajì mítà níbùú, ìdajì mítà lóòró. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí atẹ́gùn má ráyè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ wò ó. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, ní ojú tó kọ sí ògiri, omi ṣì wà nínú ògiri yín. Bó bá jẹ́ òde ọ̀rá ló tutù, ìrì ojú ọjọ́ ni, kò kan ògiri. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti dán an wò, kí ọ̀kan sì wà nítòsí ilẹ̀. Bí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá ń hu lára ògiri, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, kí ẹ sì gbá a sọnù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Omi á tún yọ́ iyọ̀ náà, á sì gbé e padà wọnú ògiri.

Sẹ̀ǹtímítà 60 tó kọ́kọ́ yọ lórí ilẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń ya àwòrán sí. Ilẹ̀ wa pupa. Bí òjò bá ti ń lu ilẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sókè, ojú àwòrán tí ẹ fi funfun àti ìyeyè ṣe á sì di pupa kó tó di ọdún tuntun. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ògiri, kó fẹ̀ tó ìdajì mítà, kí òjò lè máa bọ́ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ìsàlẹ̀ yẹn ní àwọ̀ ilẹ̀ gan-an, kí ẹ sì pè é ní Erédò. Erédò ni yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí wọ́n ń pe orúkọ Sùǹgbọ́ mọ́; ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ó sì jìn tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ọmọ tó bá ti dé Òkè-Ẹ̀rí rí, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Sùǹgbọ́ sí, ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bí Erédò bá yí ẹsẹ̀ àwòrán ká, ẹrẹ̀ lè ta sí i bó ṣe wù ú. Ilé rẹ̀ ló dé.

Ó wá ku àwòrán. Oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tuntun ti wọlé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó yà á á ti jáde kí ọ̀dà tó dé, inú wọn kò sì ní dùn. Ẹ má sọ fún ọmọ pé kó “ya àṣà wa”. Ìlù kan, igbá kan àti fìlà kan tó ti rí nínú ìwé ni gbogbo wọn máa yà. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn lójú ọmọ ni kí ẹ bi í: kí lo máa ń rí láàrin ẹnu ọ̀nà ilé yín àti géètì ilé ẹ̀kọ́? Kí ni wọ́n ti ń ṣe nílé yín kí o tó jí? Ẹ ó rí agbada gàrí àti ìyá tó fi aṣọ di orí nítorí èéfín. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ọ̀kadà tó gbé ọmọ mẹ́ta, àga awun-aṣọ. Ọmọ Ṣágámù á ya apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú. Ẹ wo bí ọmọ ọdún méje ṣe máa ń yà á: á fi ìlà wínníwínní hun apẹ̀rẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, á sì tún ka gbogbo obì inú rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé díńgí ni wọ́n fi ṣe apẹ̀rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe fún un. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ péńtà kankan nìyẹn, òun náà ló sì mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí pátákó ìpolówó.

Ó dun ni pé ọ̀pọ̀ ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa, eku elétí ńlá inú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, tí péńtà kan dà kọ láti orí àpò ìwé. Ilẹ̀ tó ń hun aṣọ olónà, tó ní ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja lára aṣọ, kò yẹ kó máa wá ẹranko kiri. Awun-aṣọ mọ bí a ṣe ń fi ìlà gígùn àti igun nìkan ya ọ̀nì, torí pé òwú kò gbà kó yí kọrọkọrọ. Ọ̀nà yẹn gan-an ló rọ̀ fún ọmọdé tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá sí kíláàsì pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ṣakí, ìyẹn òwú tó yọ sókè lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ bi àwọn àgbà léèrè kí ẹ tó gbé ìtàgbé kalẹ̀ bí ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Aṣọ oyè ni.

Ọ̀rọ̀ bíbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ lè fi tọkàntọkàn ya Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ń jáde bí eégún, torí pé ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nílé. Obìnrin kì í rí Agẹmọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé e sára ògiri tí ọmọbìnrin ń gbà kọjá wọ kíláàsì? Àwọn òbí kan, Mùsùlùmí àti Kristẹni, á sì bínú bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n kà sí òrìṣà. Àwọn Mùsùlùmí mìíràn kò fẹ́ ojú ènìyàn rárá. Ẹ pe ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹ tẹ́ àwòrán àwọn ọmọ sílẹ̀, kí wọ́n rí i kó tó di ọ̀dà. Ní ti ojú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ òjìji tí kò ní ojú, imú àti ẹnu, kí aṣọ àti ohun tó wà lọ́wọ́ wọn fi ẹni tí wọ́n jẹ́ hàn. Ó parí ìjà ẹ̀sìn, ó sì parí òmíràn: ojú ènìyàn ni àgbàlagbà kì í lè fi sílẹ̀ bí ọmọdé bá ti yà á wọ́. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á padà wá “ràn án lọ́wọ́”.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní ọmọ 240, ògiri tó gùn ní mítà 12. Erédò gba sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀. Àwòrán gba mítà kan ààbọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ lẹ kádíbọ́ọ̀dù mẹ́rin pọ̀ lóòró, kí ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 240 ní gígùn àti 30 ní gíga, kí ẹ to àwòrán àwọn ọmọ pọ̀ sórí rẹ̀. Ẹ wá pín in sí àpótí oní-sẹ̀ǹtímítà 10. Lára ògiri, àpótí kọ̀ọ̀kan á di ìdajì mítà, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún. Ìlà mẹ́ta ní ìbú, ọ̀wọ́ 24 ní òró. Àpótí 72 lápapọ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ fún kíláàsì kìíní dé ìkẹta, ìlà àárín fún ìkẹrin dé ìkẹfà, ìlà òkè fún òbí, awun-aṣọ, régbérégbé àti ìyá tó ń ta oúnjẹ ní géètì. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ gun àkàbà tàbí àga, ìdí nìyí tí òkè fi jẹ́ ti àgbà.

Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ni kí ẹ fi sọ orúkọ àwọn ọ̀wọ́. Lẹ́tà 25 ni. Láti A dé W á kárí ọ̀wọ́ 24, Y nìkan ló máa ṣẹ́kù, àwọn ọmọ á sì máa káàánú rẹ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀kì máa ń parẹ́. Bí àmì abẹ́ Ẹ bá ti lọ, ẹni tó ni Ẹ á lọ kun àpótí E. Bẹ́ẹ̀ náà ni O àti Ọ, S àti Ṣ. Ẹ kọ wọ́n sórí téèpù péńtà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀ láti mọ ibi tó tẹ́jú. Ilẹ̀ fàráńdà máa ń dagun. Rọ́bà tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ẹ rọ omi sí, èyí tí bíríkìlà fi ń wọn òṣùwọ̀n, ni kí ẹ fi mú sẹ̀ǹtímítà 60 ní igun méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tí ẹ ti rá mọ́ èédú tó kúnná na ìlà: ẹnì kan níbí, ẹnì kan lọ́hùn-ún, ẹ fà á le, ẹ fa àárín rẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó na ìlà tó gún ju èyí tí rúlà lè fà lọ.

Ibi tí iṣẹ́ àjọyà ti sábà máa ń bàjẹ́ ni etí àpótí. Ẹ ó gé kádíbọ́ọ̀dù sí 72 (ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó gé e o), ẹ ó fún àwọn ọmọ ní àpótí wọn, olúkúlùkù á ya tirẹ̀ dáadáa, ìlà kò sì ní pàdé. Ọrùn àgbọ̀nrín á wà ní H, orí rẹ̀ á ti sá lọ sí I. Kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan ògiri, olùkọ́ méjì ni kó fi èédú sàmì sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wọ àpótí àti ibi tó ti jáde. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ọmọ bá ṣe láàrin àmì méjèèjì, tirẹ̀ ni.

Ní ti ọ̀dà, olómi nìkan ni fún ọmọdé. Olóròóró ń rùn, kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kò yẹ lára ọmọ, òjé sì lè wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú ìyeyè àti pupa tó ń tàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Bí ọ̀dà olóròóró àtijọ́ bá wà lára ògiri náà, ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rin ín, kí àgbà ha á nígbà tí ọmọ kò sí níbẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo èérún rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Lítà ọ̀dà olómi kan lè kun mítà onígun mẹ́rin 10 lórí ògiri tó dán. Lórí ti ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ fi 8 ṣe ìṣirò. Ojú àwòrán jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 18. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó kun funfun sí i, ó di 36, ìyẹn lítà mẹ́rin ààbọ̀. Erédò jẹ́ 7.2, ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ kò tó lítà méjì. Gálọ́ọ̀nù funfun méjì olítà mẹ́rin-mẹ́rin á tó, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ ó fi lú àwọ̀ mìíràn. Ẹ má ra ju àwọ̀ mẹ́fà lọ: funfun, dúdú, pupa ilẹ̀, ìyeyè ilẹ̀, aró, àti àwọ̀ ewé. Pupa àti ìyeyè ilẹ̀ kì í tètè ṣá lóòrùn, torí pé ìpẹtà irin ló fún wọn láwọ̀. Àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀-àlùkò àti ti òdòdó tó ń dán gbinrin á ṣá kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ẹ ra dúdú, aró àti pupa bí ilé iṣẹ́ ṣe pò wọ́n. Àwọn kan á da àwọ̀ inú ìgò kékeré sínú funfun títí tó fi máa dúdú. Ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í le, ẹni tó bá fara kàn án á gbé e lọ sílé. Àwọ̀ tí ẹ bá sì pò, ẹ pò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè pò ó jọra lẹ́ẹ̀mejì.

Àpótí àwọn ọmọ jẹ́ 48, ọmọ 240. Ọmọ márùn-ún ló ni àpótí kan, ọjọ́ márùn-ún ló wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ẹni àkọ́kọ́ á kun ilẹ̀ àpótí. Ẹnì kejì á kun ohun tó tóbi jù nínú rẹ̀. Ẹnì kẹta ló ni àwọ̀ kejì, ẹnì kẹrin á fi ọnà sí i, ẹnì karùn-ún á fi dúdú fa etí rẹ̀. Ọjọ́ kan láàrin ara wọn á jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ju 12 lọ wà nídìí ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fo ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: A, D, Ẹ, G, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí B, E, F wá tẹ̀ lé wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní mítà kan, ìgúnpá kò ní gbá ìgúnpá. Ìdajì wákàtí tó fún wọn. Àgbà kan fún ọmọ mẹ́rin.

Láti òkè ni iṣẹ́ ti ń bọ̀, nítorí ọ̀dà máa ń kán. Àwọn àgbà á ti parí ìlà tiwọn ní Sátidé tó ṣáájú, ìlà àárín ló sì máa ń ṣáájú ti ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́. Àwòrán àwọn ọmọ náà ni àwọn àgbà á kùn, kì í ṣe tiwọn. Ẹ wí èyí fún wọn kí wọ́n tó mú búrọ́ọ̀ṣì, torí régbérégbé tó bá mọ àwòrán yà díẹ̀ á fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ hàn, ìlà òkè á wá dà bíi ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àwọ̀ ló ni búrọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ọmọ. Búrọ́ọ̀ṣì tó bá wà nínú ife pupa, pupa ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gé ìdí ike omi ṣe ife, ẹ má lo agolo tòmátò, ẹnu rẹ̀ ń gé ni. Kí ọ̀dà inú rẹ̀ má ju ìka méjì lọ. Ọ̀dà tó pọ̀ nínú ife ló ń kán lára ògiri, òun náà ló ń dà sí yunifọ́ọ̀mù. Búrọ́ọ̀ṣì oní-íǹṣì kan 12 àti onídajì íǹṣì mẹ́fà tó. Ẹ máa tẹ̀ lé òjìji: ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn, ọ̀sán ni kí ẹ kùn ún. Bí oòrùn bá ta sí ọ̀dà tútù, ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ kò ní gbẹ, á sì sán. Ìdí tí a fi ní ìparí oṣù kọkànlá gan-an, tí a kò sún un síwájú sí i, ni pé bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ gidi, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kó tó gbẹ.

Fáníìṣì ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa ń di ìyeyè, ó sì ń dí omi mọ́ inú ògiri. Ẹ fi owó rẹ̀ ra gọ́tà páànù.

Àwọn tó bá fẹ́ fi àfọ́kù táìlì ṣe ìdí ẹ̀rọ omi, táìlì 11 oní-sẹ̀ǹtímítà 30 ló kárí mítà onígun mẹ́rin kan. Àgbà ni kó fi àpò wé e kó tó fi òòlù fọ́ ọ, kó sì fi òkúta pa etí rẹ̀. Ọmọ lè to ó, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kan sìmẹ́ǹtì. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá láyé ọjọ́un. Bí ìyá amọ̀kòkò bá wà nítòsí yín, àfọ́kù tirẹ̀ rẹwà ju táìlì lọ.

Orúkọ àwọn tó dáwó: pátákó kan tí kò ju ojú táìlì kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ́ ni ibi rẹ̀, àárín rẹ̀ ni ká má tilẹ̀ sọ. Kí fọ́tò olóṣèlú má sì dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, ẹ rọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tó ní ìdérí líle, ìdá mẹ́rin lítà, kó kún dé ọrùn kí atẹ́gùn má bàa wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ bí ẹ ṣe pò ó: funfun ife mélòó, aró ṣíbí mélòó. Kíláàsì karùn-ún ọdọọdún ni kó ni iṣẹ́ àtúnṣe. Lóṣù kọkànlá, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ògiri pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rírọ̀, kí wọ́n kàn án gbọ́ bí bíríkìlà ṣe ṣe, kí wọ́n tún ibi tó bá ṣí kùn. Bí ọ̀dà inú ìgò bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ má fi í sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gbé ọ̀gá kúrò, ẹni tuntun tó bá dé á gbá gbogbo rẹ̀ jáde kó tó béèrè ohun tó jẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì karùn-ún ni kó wà, níbi tí oòrùn kò dé, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ olùkọ́, kí èkejì wà lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ òbí.

Àwa ni tiyín,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà méjì àti péńtà kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.